Kòtò Góòlù Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà Gẹ́gẹ́ Bí Ìwé Ìtàn

Ìfáárà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ girama kan ní Ìsọlọ̀ tàbí ní Òṣòdì léèrè pé níbo ni a ti ń wa góòlù, Johannesburg tàbí Gánà ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ó lè fi Zamfara kún un nítorí ohun tí ó ti gbọ́ nínú ìròyìn. Kì í sábà wá sí ọkàn rẹ̀ pé ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an, ní àyíká Iléṣà, kòtò góòlù wà tí a ti gbẹ́, tí a ti fọ yanrìn rẹ̀, tí a sì ti pa tì. Igun, Ìtagúnmodì àti Ìpèríndó ni ibi mẹ́ta tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Igun àti Ìtagúnmodì wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Atákúnmọ́sà. Ìpèríndó ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Atákúnmọ́sà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé kòtò tí a pa tì jẹ́ ìwé ìtàn fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà. Ìbéèrè tí ó ń dáhùn ju ti bí góòlù ṣe pọ̀ tó lọ. Ní Ìsọlọ̀ tí a dárúkọ lókè yìí, àdúgbò kan wà tí ń jẹ́ Ire-Àkàrí, orúkọ tí ó ń sọ nípa ire tí ó kárí tọmọdé tàgbà. A ó yá orúkọ náà lò gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n: ta ni ire góòlù Ìjẹ̀ṣà kárí, ta sì ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ìlẹ̀kẹ̀ ṣáájú wúrà

Kí a tó dé orí kòtò, ó yẹ kí a rántí pé ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa fi ń mọ ẹni tí ó lọ́lá, kì í ṣe wúrà. Iṣẹ́ ìwádìí tí Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017 lórí Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ fi hàn pé láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ti ń fi iná ṣe gíláàsì àti ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ yìí kò jìnnà sí ibi tí góòlù wà. Àwọn tí wọ́n mọ ọ̀nà tí a ń gbà yọ́ idẹ kí a sì fi ṣe orí ọba kò sọ wúrà di òpó ọlá wọn.

Ọ̀rọ̀ náà wúrà pẹ̀lú ní ìtàn. Ó fara jọ ohun tí àwọn Songhai ń pe góòlù, èyí sì bá ojú ọ̀nà òwò ìgbàanì mu. Góòlù Bambuk àti Bure, ní ìsun odò Senegal àti odò Ọya, ni ràkúnmí ń gbé la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá sí Àríwá Áfíríkà. Òun náà ni Mansa Musa ti Mali ná ní Cairo ní 1324 tí òkìkí rẹ̀ fi kan gbogbo ayé. Ó jọ pé láti apá òkè Ọya ni ọ̀rọ̀ náà ti tọ̀ wá wá. Góòlù, tí a ń lò jù lónìí, ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá. Ọ̀rọ̀ méjì, ojú ọ̀nà méjì.

Ohun tí ó gbé wọn wá, ohun tí ó lé wọn lọ

Àpáta ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti pẹ́ púpọ̀, ó sì ní ojú ìlà ńlá kan tí ilẹ̀ ti ya, èyí tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Ifẹ̀wàrà pè. Ní Ìpèríndó, inú òkúta funfun líle tí a ń pè ní quartz ni góòlù há sí. Ní Ìtagúnmodì àti Igun, òjò àti odò ti fọ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ti kó góòlù rẹ̀ lọ sí àfonífojì, sí abẹ́ amọ̀, níbi tí ó ti dàpọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́. A rọ òǹkàwé kí ó di ìyàtọ̀ yìí mú. Góòlù inú àpáta ń fẹ́ ẹ̀rọ, owó ńlá àti ilé-iṣẹ́. Góòlù etí odò kò ju ọkọ́, ṣọ́bìrì, igbá àti omi lọ. Bí ilé-iṣẹ́ bá kó ẹrù rẹ̀ lọ, ẹni tí ó ní ṣọ́bìrì lè dé ní ọjọ́ kejì.

Ní 1913 ni ìwakùsà góòlù bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ọdún 1930 ni ó gbòòrò jù, ìdí rẹ̀ sì wà ní òkèèrè. Ní 1931 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dẹ́kun pípààrọ̀ owó bébà sí góòlù. Ní 1934 Amẹ́ríkà gbé iye owó ìwọ̀n góòlù kan, tí í ṣe áúnsì, sókè sí 35 dọ́là. Kò sí àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan tí a pè sí ìpàdé tí wọ́n ti ṣe ìpinnu wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ di ohun tí àlejò ń wá. Ní 1947, A. M. J. de Swardt, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba, kọ̀wé lórí ohun tí ó pè ní pápá góòlù Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ní 1953 ìwé rẹ̀ tí ó kún rẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀ àyíká Iléṣà jáde.

Nígbà náà, iṣẹ́ góòlù ti ń rẹ̀yìn. Ogun àgbáyé kejì ti dé. Nígbà tí Japan gba Malaya ní 1942, tánńganran Jos ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá lójú méjèèjì, débi pé wọ́n fi ipá kó ènìyàn lọ wà á. Góòlù kò níyì mọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn òmìnira, epo rọ̀bì ni gbogbo ojú kọ. Òótọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ìwakùsà Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1972, àjọ náà sì wá góòlù kiri ní Ìpèríndó ní àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró.

Ta ni ó ni ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀?

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Nínú àṣà wa, ẹbí ni ó ni ilẹ̀. A kì í ya òkè ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òfin ohun àlùmọ́nì ti 1946 ya méjèèjì. Ó ní gbogbo ohun àlùmọ́nì tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọba yìí lọ, ohun ìní náà kò padà sọ́dọ̀ ẹbí: ìwé òfin 1999, abala 44, fi í lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 tún ti sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀, irè oko àti ilé tí ó wà lórí rẹ̀ ni a ó san owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olóko kòkó. Igi kòkó ń bẹ̀rẹ̀ sí í so láàrin ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ó sì lè máa so fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá lè gbìn ín kí ọmọ máa ká a. Owó tí a san lórí igi náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ní tèmi, èyí gan-an ni àdánù tí kòtò ń sọ: ogún tí ó yẹ kí ó kárí ìran mẹ́ta di owó tí ẹnì kan ná. Ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìwé òfin 1999 yà sọ́tọ̀ fún ibi tí ohun àlùmọ́nì ti jáde kò yanjú èyí, nítorí àpò ìpínlẹ̀ ni ó ń wọ̀, kì í ṣe àpò abúlé.

Kíka kòtò

Ẹni tí ó bá dé irú ibi bẹ́ẹ̀ yóò rí òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti fọ̀, yóò sì rí adágún omi níbi tí kò sí adágún rí. Omi tí ó dúró sí Igun ti di ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá inú omi ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ewéko pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ tí a bá tú kì í pẹ́ kí ó tó kún fún ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. (Àwọn òṣèlú méjèèjì kò bá ara wọn ṣe mọ́ lẹ́yìn 1962, ṣùgbọ́n ewé kan náà ni wọ́n pín.) Ní 2003, Salami, Jimoh àti Muoghalu tẹ ìwádìí jáde lórí ohun tí ìwakùsà góòlù ti ṣe sí ewéko àti erùpẹ̀ ní ìhà wa yìí.

Ọ̀rọ̀ náà "pa tì" fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àtúnyẹ̀wò. Ilé-iṣẹ́ àti ìjọba ni wọ́n pa kòtò tì. Nígbà tí iye owó góòlù tún gòkè ní ọ̀rúndún yìí, àwọn awakùsà, tí púpọ̀ wọn ti òkè Ọya wá, tún dé sí Ìtagúnmodì, wọ́n sì gbẹ́ inú oko kòkó. Ewu ń bẹ nínú iṣẹ́ tí kò ní alábòójútó. Ní Zamfara ní 2010, láàrin oṣù díẹ̀, ó lé ní 400 ọmọdé tí májèlé òjé pa, nítorí pé inú ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù tí òjé wà nínú rẹ̀.

Òfin ìwakùsà ti 2007 ti mú àyípadà wá. Ó pọn dandan fún ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ kí ó bá ará ìlú ṣe àdéhùn, kí ó sì tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Abẹ́ òfin yìí ni ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá, ní agbègbè Ìpèríndó, ti yọ góòlù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù keje 2021. Orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi ni wọ́n fi pe ibi góòlù! Kòtò àtijọ́ ní Igun ti wà kí òfin náà tó dé.

Iṣẹ́ kan kù fún àwọn olùkọ́ tí a ń kọ́ lọ́wọ́. Ìwé ìjọba sọ nípa òkúta, kò sọ orúkọ àwọn tí wọ́n di igbá mú lẹ́bàá odò, iye tí wọ́n gbà, tàbí oko ẹni tí wọ́n gbẹ́. Ẹnu àwọn àgbà ni a ti lè gbọ́ ìyẹn. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí de Swardt kọ̀wé ní 1947 yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2027.