Gbàgáùn: Orúkọ Tí A Fún Àṣìsọ Gẹ̀ẹ́sì

Bí ìkòkò irin bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn sórí sìmẹ́ńtì, ìró tí etí máa gbọ́ ni gbàgáùn. Ìró yìí ni àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà sọ di orúkọ fún àṣìsọ Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ á dìde ní kíláàsì, á ní "I did not saw him", kó tó jókòó, gbogbo kíláàsì á ti hó yèè: "Gbàgáùn!" Ẹlòmíì á tún gbá tábìlì kí ọ̀rọ̀ náà lè dún dáadáa.

Èdè Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ ìró. Nǹkan wúwo ṣubú gbì, aṣọ ya fàà. Ìdí nìyí tí gbàgáùn kò fi ṣòro gbà, àgàgà nígbà tí Facebook àti Twitter gbòde. Ìbọn ló ṣáájú rẹ̀: ẹni tó bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, wọ́n á ní ó yìnbọn. Ariwo ni ìbọn, ariwo náà ni gbàgáùn. Méjèèjì ni wọ́n fi ń dójú ti èèyàn ní gbangba.

Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àṣìsọ wọ̀nyí ní orísun. "Ó" kan náà la ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, ìyẹn ló ń mú kí ẹlòmíì pe ìyàwó rẹ̀ ní "he". Kò sí "v" tàbí "z" nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ìdí nìyẹn tí ahọ́n fi ń yà sí "f" àti "s". Àwọn míì kì í tilẹ̀ ṣe àṣìsọ mọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí olùkọ́ ti ń fi bírò pupa fagi lé "next tomorrow", tí í ṣe ọ̀túnla wa gan-an. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gbà á wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ Nàìjíríà mìíràn.

Síbẹ̀, Yorùbá kì í dí ọmọ lọ́wọ́ láti mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, àfi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí kíláàsì pariwo gbàgáùn lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè lórí. Ẹ jẹ́ kó parí gbólóhùn rẹ̀ ná, kí ẹ tó tọ́ ọ sọ́nà.