Ibi Tí Ológbò Ń Já Sí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé ṣe yí padà ní Sokodé, ní Tógò, kó wá bi àwa tí a ń ṣe òrùlé, kó sì bi wá ibi tí ológbò ń já sí. Káfíńtà ni mí. Kambolé ni wọ́n bí mi sí, nítòsí ààlà Benin, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá ti ń bá àwọn ará Tchamba tó ń sọ Akaselem gbé. Sokodé ni mo ti kọ́ṣẹ́, láàárín àwọn Tem tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Kotokoli. Láti ìgbà tí mo ti ń gun òrùlé ni àwọn ènìyàn ti ń wá pè mí sí iṣẹ́ kan tí ọ̀gá mi ò kọ́ mi: ológbò wọn ti há sókè àjà, kí n jọ̀ọ́ wá bá wọn yọ ọ́. Iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n máa bi àwọn àgbà bí nǹkan ṣe rí kí páànù tó dé.

Wọ́n ní láyé ilé koríko, ológbò kì í sábà já. Kò ya oníṣẹ́ òrùlé lẹ́nu. Koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi okùn dì mọ́ igi rọ̀, ó sì há, èékánná ń wọ inú rẹ̀ dáadáa. Yàrá róbótó tí wọ́n fi amọ̀ mọ yí àgbàlá ká kò sì ga. Ẹranko tó bá yọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ erùpẹ̀ ló máa bá. Àká wà lágbàlá, ọkà bàbà àti àgbàdo wà nínú rẹ̀. Lókè ibi ìdáná, àjà wà tí èéfín ń gbẹ irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni èkúté ń lọ, ibẹ̀ náà sì ni ológbò ń tẹ̀ lé e lọ. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ológìnní bá jáde, ilé a di ilé èkúté. Lọ́dọ̀ àgbẹ̀ tí kò ní oúnjẹ mìíràn títí òjò ọdún tó ń bọ̀ fi máa rọ̀, ọ̀rọ̀ ebi ni òwe yẹn.

Iná ló ń ṣe ológbò ìgbà yẹn ní jàǹbá. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ tí òru sì tutù, ológbò á wọ inú ààrò lọ sùn sórí eérú tó ṣì gbóná. Àwọn onímọ̀ ẹranko ti ṣàlàyé ohun tó fa èyí: ara ènìyàn kì í gba ooru tó pọ̀, ṣùgbọ́n ológbò lè má fi hàn pé nǹkan ń jó òun títí ooru awọ ara rẹ̀ fi máa dé nǹkan bí 52°C. Kó tó mọ̀ pé iná ti mú òun, irun ti jó. Ìyá mi àgbà kì í sùn láìfi igi ro eérú wò dé ìsàlẹ̀, kó wọ́n omi sí i, kó sì fi apẹ̀ bo ojú ààrò. Mo rò pé nítorí àwa ọmọdé ni, àṣé nítorí ológbò ni. Ẹranko tí ẹ̀ṣẹ́ná bá lẹ̀ mọ́ nírù á sá, ibi tó sì mọ̀ láti sá sí ni òkè, nínú koríko gbígbẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká. Àwọn obìnrin ilé wa mọ̀ pé ilé mẹ́rin lè bá a lọ lóru kan.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ènìyàn àti ológbò ti ń bá ara wọn gbé nítorí ọkà. Ní erékùṣù Kípírọ́sì, àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun ológbò tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn ní nǹkan bí ọdún 9,500 sẹ́yìn; ọdún 2004 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ológbò igbó tó jẹ́ babańlá ológbò ilé ṣì wà ní pápá oko Áfíríkà títí dòní. Ní Sokodé, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló tún jẹ́ kí ẹsẹ̀ ológbò dé inú yàrá. Àwọn oníṣòwò obì tó ń kó ẹrù láti ilẹ̀ Gonja lọ sí Djougou àti Nikki, títí dé ilẹ̀ Haúsá, ń gba ilẹ̀ Tem kọjá. Lára wọn dúró, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n sì kọ́ ọmọ ní kéú. Àdúgbò Didaourè ṣì ń jẹ́rìí sí wọn. Wọ́n mú hádíìsì wá tó sọ pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin. Abú Qatádà, tó jẹ́ sàábé Ànábì, tẹ̀ ìkòkò omi àlùwàlá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ológbò lè mu nínú rẹ̀, ó sì sọ ohun tí Ànábì wí fún ẹni tí ẹnu yà. Abú Hurayrà pàápàá, ológbò ló fi gba orúkọ tí gbogbo mùsùlùmí fi mọ̀ ọ́n. Ilé tí wọ́n bá ti ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, wọn ò ní fi igi lé ológbò kúrò lórí ẹní. Bó bá sì dojú bútà dé, wọ́n á pọn omi mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni páànù dé. Ilẹ̀ Jámánì ló kọ́kọ́ gba ilẹ̀ wa. Dókítà Hermann Kersting, tó jẹ́ ọ̀gá ẹkùn Sokodé fún wọn, fi iṣẹ́ àfipáṣe la ọ̀nà. Ẹ̀yìn àwọn baba wa ló ru òkúta rẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ gbàgbé wọn. Ní 1914, àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì lé Jámánì lọ. Ní àwọn ọdún 1930, Faransé fa ojú irin láti ìhà Atakpamé dé Blitta. Nígbà yẹn, ẹrù tó bá gúnlẹ̀ sí Lomé lè bá ọkọ̀ ojú irin dé Blitta, kí ọkọ̀ akẹ́rù sì gbé e dé Sokodé. Ìṣó, sìmẹ́ńtì, páànù: ohun tí mo fi ń jẹun, ọ̀nà yẹn ló gbà gòkè wá.

Páànù kì í gba èékánná. Ológbò tó bá sá gorí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa ha á láìrí nǹkan dì mú. Ní ọ̀sán oṣù kẹta, ó gbóná débi pé èmi pàápàá ń fi àkísà sí orúnkún kí n tó kúnlẹ̀ lórí rẹ̀. Ariwo rẹ̀ ló sì burú jù lójú tèmi. Láyé koríko, ológbò méjì lè jà lókè orí ẹ lóru kí o má gbọ́. Lórí páànù, ológbò kan ṣoṣo tó bá fò láti orí igi máńgòrò á jí gbogbo agboolé. Ìbẹ̀rù pé àjẹ́ a máa gbé àwọ̀ ológbò ti wà tipẹ́ láàárín wa, àmọ́ ó dá mi lójú pé páànù ló dá kún un. Mo ti rí ológbò dúdú tí wọ́n lù pa láàárọ̀ nítorí ariwo tí àwọn ará ilé gbọ́ lóru. Mo gun òkè lọ, mo rí ojú ibi tí èékánná ti yọ̀ lórí páànù, mo sì fi hàn wọ́n. Ẹranko náà ti kú. Ó ṣì ń dùn mí.

Pé ẹranko yìí máa ń yí ara padà lófuurufú kó tó balẹ̀, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ní 1894, Étienne-Jules Marey, onímọ̀ ará Faransé, ya àwòrán ológbò tó ń já bọ́, àwòrán léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ẹnu sì ya àwọn onímọ̀ Paris pé ó yí padà láìsí ohun tó fẹsẹ̀ tì. Ní 1987, àwọn dókítà ẹranko ní New York kọ̀wé lórí ológbò 132 tó já láti ilé alájà púpọ̀: nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí àádọ́rùn-ún ló yè. Mo máa ń rán àwọn ọmọ iṣẹ́ mi létí pé èyí tó kú lójú ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kò sì sí nínú ìṣirò yẹn.

Ní Sokodé, ilẹ̀ kọ́ ló ń pa ológbò tó bá já, ohun tó wà nílẹ̀ ni. Kànga wà ní ọ̀pọ̀ àgbàlá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ní ìdérí. Ológbò á máa lé aláǹgbá lórí ògiri, kò ní wo iwájú, ó di inú kànga. Ẹ má sọ garawa lásán sí i. Ike á máa yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ fi àpò tí a fi ń di àgbàdo wé agbọ̀n, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì dákẹ́. Yóò dì í mú. Ìkòkò wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń sè náà wà níbẹ̀: òórùn rẹ̀ ń fà á, ọpọ́n tí wọ́n fi dé e kì í sì í gba ìwúwo rẹ̀.

Ewu àjà ìsinsìnyí, ọrùn tèmi ló wà, torí àwa káfíńtà la ṣe é. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la kàn mọ́ abẹ́ páànù, a sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ògiri àti òrùlé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Abo ológbò tó fẹ́ bímọ á gba àlàfo yẹn wọlé, torí ó ṣókùnkùn níbẹ̀, ajá ò sì lè dé ibẹ̀. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n á já sínú ihò búlọ́ọ̀kù tí a kò dí, ẹkún wọn á sì máa ti inú ògiri jáde. Èékánná ológbò yí sẹ́yìn, ó dára fún gígun, kò dára fún sísọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá pàápàá fi ń há. Mo máa ń fi ẹja gbígbẹ sẹ́nu ihò, kí n jókòó, kí n gbọ́ ibi tí ohùn ti ń wá dáadáa kí n tó fọwọ́ kan ayùn.

Kò sí ewu tó dà bí ọ̀nà ńlá tó la ìlú já. Ọkọ̀ akẹ́rù láti èbúté Lomé tó ń lọ sí Burkina Faso àti Niger kì í dúró fún ológbò, alùpùpù akérò tí à ń pè ní zémidjan kì í sì í dúró. Oògùn eku tún wà: èkúté jẹ ẹ́, ológbò jẹ èkúté. Bẹ́ẹ̀ a ṣì nílò ológbò. Ibà Lassa tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní Nàìjíríà ní 1969, irú èkúté kan tó ń gbé inú ilé ló ń gbé e kiri, ó sì ti dé àríwá Tógò láti 2016.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ilé lọ́wọ́, ẹ sọ fún káfíńtà yín kó fi wáyà oníhò wẹ́wẹ́ dí àlàfo abẹ́ òrùlé. Afẹ́fẹ́ á gbà á kọjá, ológbò ò ní gbà á. Kó fi ìlẹ̀kùn kékeré sí àjà, nítòsí ògiri, níbi tí àkàbà lè dé. Kí bíríkìlà dí orí búlọ́ọ̀kù ìkẹyìn kó tó gbéra. Kí ìdérí kànga jẹ́ igi tó wúwo, torí páànù lásán á tẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀ nígbà tí ilé ṣì ń lọ sókè.