Ojúde, Ìta àti Ọgbà: Àyè Gbalasa nínú Ìlú Yorùbá

Ní ìlú Yorùbá àtijọ́, iwájú ààfin ni ilẹ̀ gbalasa tó tóbi jù lọ máa ń wà. Ojúde ọba ni wọ́n ń pè é, ọjà ọba sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ pé èyí kò yà síbì kankan: iwájú ilé olórí ìlú ni ọjà àgbà ń wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe olórí ìlú ní ọlọ́jà, ì báà ṣe ọba aládé, ì báà ṣe baálẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀nà ńlá ti ń ya lọ sí bodè, tí adúgbò kọ̀ọ̀kan sì tẹ̀ dó ti ọ̀nà tirẹ̀ lábẹ́ ìjòyè tó ń ṣàkóso rẹ̀. Iwájú ilé ìjòyè náà ní ojúde tó kéré sí ti ọba. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan sì ní àgbàlá.

Ayàwòrán ìlú òde òní máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé: á ya gbàgede, á sì wá ohun tí àwọn èèyàn yóò máa fi í ṣe. Ti ojúde ọba kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, iṣẹ́ náà ló sì ń lé ilé sẹ́yìn. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ná ọjà lórí rẹ̀ ní ọrọọrún, tí eégún ń jó níbẹ̀ lásìkò ọdún, tí akéde ń ké níbẹ̀, tí ìjòyè tuntun sì ń jó yí ká lọ́jọ́ tó gba ewé oyè, ta ni yóò ní òun fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé sáàrin rẹ̀? Yàtọ̀ sí èyí, ibẹ̀ ní olùtọ́jú. Ọba ló ni àṣẹ, ìyálọ́jà àti àwọn olórí ọjà ló ń pín ibi ìpàtẹ, àwọn náà ló ń rí sí i pé wọ́n gbálẹ̀. Ìlò àti olùtọ́jú, ohun méjì tó dá ojúde sí nìyí, òun náà ló sì yẹ kí á fi wo àwọn ọgbà àti gbàgede tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí àti àwọn ìdílé Balógun tó ń gẹṣin ti ń wá kí Awùjalẹ̀, ọba ìlú náà, lọ́jọ́ kẹta ọdún Iléyá, ilẹ̀ náà ló fún ọdún náà lórúkọ: Ojúde Ọba.

Igi ni òrùlé ojúde. Odán ló wọ́pọ̀ jù, torí pé kò le gbìn: wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, á ta gbòǹgbò, bó bá sì dàgbà, òjìji rẹ̀ á fẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ òǹtàjà lè pàtẹ sábẹ́ rẹ̀ láìsí àtíbàbà. Pèrègún ni wọ́n fi ń pààlà. Akòko ni igi oyè, ó sì sábà máa ń wà ní tòsí ààfin. Lẹ́nu ọ̀nà ọjà ni ojúbọ Èṣù wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ju ìbọ lọ: ó ń sọ ibi tí ọjà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò kàn gbé àáké ti igi tó ṣíji bò ó. Nínú ọ̀pọ̀ ọjà tuntun tí wọ́n fi kọnkéré àti páànù kọ́, wọn kò ro ti òjìji rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bú àwọn òǹtàjà tí ooru lé jáde sẹ́bàá títì.

Ilé-Ifẹ̀ ṣe ju gbígbálẹ̀ lọ. Láàrin nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ará ibẹ̀ ń fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà. Lóòró ni wọ́n ń to àpáàdì náà, tí etí rẹ̀ á dojú kọ òkè, wọ́n sì máa ń tò ó bí egungun ẹja. Níbòmíràn, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun há a láàrin ní ìlà-ìlà. Peter Garlake, awalẹ̀pìtàn, wú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní Ilẹ̀ Ọbalára láàrin 1971 sí 1972, ó sì tún rí i ní Woye Asiri. Ìkòkò tí wọ́n rì mọ́ inú ilẹ̀ títẹ́ náà fi hàn pé wọ́n ń ta nǹkan mímu sílẹ̀ níbẹ̀, pé ibi ẹbọ àti ibi ìjókòó kò jìnnà síra. Ìtàn ẹnu Ifẹ̀ ní Lúwo, obìnrin tó jọba, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ ìlú, torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Ó ṣeé ṣe kí àbùmọ́ wà nínú ìtàn náà, àmọ́ ó mọ ohun tí ilẹ̀ títẹ́ wà fún. Níbi tí òjò ti ń rọ̀ fún bí oṣù mẹ́jọ lọ́dún, tí omi òrùlé mẹ́rin sì ń dà sínú àgbàlá kan ṣoṣo, ilẹ̀ tí wọn kò tẹ́ kò ní pẹ́ di kòtò.

Ààfin Ọ̀wọ̀ ni ètò àgbàlá dé góńgó. G. J. Afọlábí Òjó, onímọ̀ jọ́gíráfì tí ìwé rẹ̀ lórí ààfin Yorùbá jáde ní 1966, jẹ́ kó di mímọ̀ pé àgbàlá ibẹ̀ lé ní 100. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wà fún ohun kan náà: ibi ìgbẹ́jọ́ yàtọ̀ sí ibi ọdún, ibi tí àlejò ń jókòó sí kì í ṣe ibi tí àwọn olorì ń dáná. Láti àgbàlá kan bọ́ sí òmíràn ni àlejò yóò fi mọ bí òun ṣe ń sún mọ́ ọba tó. Ẹ̀yìn ilé ni igbó ààfin wà, tí wọ́n ti ń já ewé, tí wọ́n ti ń wa egbò, tí oko díẹ̀ sì wà. Igbó yìí ló kọ́kọ́ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlú. Nígbà tí ìjọba ń wá ibi tí wọn yóò kọ́ kóòtù, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti gbọ̀ngàn ìlú sí, òun ni ilẹ̀ ńlá kan ṣoṣo láàrin ìlú tí wọn kò ní wó ilé ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gbà á.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo bọ́ lọ́wọ́ irú ìgékúrú bẹ́ẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí òun náà lọ. Èèwọ̀ ló ń ṣọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀: a kì í pẹja níbẹ̀, a kì í ṣọdẹ, a kì í gégi. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1950 sí 1960, èèwọ̀ náà ti ń rọ, wọ́n ti ń gé igi, ẹ̀ka ìjọba sì gbin igi tíìkì sí apá kan. Susanne Wenger, ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí àti Buraimoh Gbadamosi, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ojúbọ ṣe, tí wọ́n ń mọ ògiri àti ère sí ojú ọ̀nà àti bèbè odò. Ẹwà nìkan kọ́ ni àwọn ère náà wà fún: wọ́n ń sọ fún agégẹdú àti àgbẹ̀ pé ilẹ̀ náà ní olówó. Ní 1965 ni ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n mú un gbòòrò dé gbogbo hẹ́kítà 75. UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Òfin wá lẹ́yìn, òun kọ́ ló ṣíwájú. Arugbá ọdún Ọ̀ṣun ṣì ń gbé igbá gba inú rẹ̀ kọjá lóṣù Ògọ́ọ̀sì, Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, àti àwọn olùsìn sì ń tẹ̀ lé e.

Ìjọba amúnisìn mú irú ilẹ̀ gbalasa mìíràn wá, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ kí àwọn èèyàn má baà pàdé. Lábẹ́ Lugard, gómìnà àgbà Nàìjíríà nígbà náà, òfin àwọn ìlú ńlá ti 1917 là á kalẹ̀ pé ilẹ̀ tí kò ní ilé lórí, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 440 yáàdì, ni kí ó wà láàrin ibùgbé àwọn òyìnbó àti ti ọmọ ìlú. Ẹ̀fọn ni wọ́n fi ṣe àwáwí: wọ́n ní èyí tó gbé ibà láti ilé ọmọ ìlú kò ní lè fò dé ọ̀dọ̀ àwọn, àti pé iná kò ní ràn kọjá. Bẹ́ẹ̀, àwọn alásè àti ọmọ ọ̀dọ̀ ń sùn lẹ́yìn ilé àwọn ọ̀gá wọn, ẹ̀fọn kò sì nílò ìrìn àjò kankan láti dé ibẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, pápá gọ́ọ̀fù, póló àti eré ẹṣin ni wọ́n fi dí ilẹ̀ ìyapa náà. Ó ní ìlò, ó sì ní olùtọ́jú, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èèyàn ni ìlò náà kàn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò fi rí alágbàwí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in ní púlọ́ọ̀tì lẹ́yìn òmìnira.

Ìtàn pápá eré ẹṣin ti Èkó ṣe kedere jù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fa àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wálẹ̀ tí wọ́n sì fa ti Nàìjíríà sókè ní 1960. Ní 1972 wọ́n sọ ọ́ di Tafawa Balewa Square, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 14.5, tí ère ẹṣin funfun mẹ́rin àti ẹyẹ idì pupa méje wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ fún ayẹyẹ ìjọba: ibi ìjókòó onísọ̀rí-sọ̀rí yí pápá kọnkéré ká, ògiri sì yà á kúrò lára àwọn òpópónà tó yí i ká. Lọ́jọ́ tí ayẹyẹ kò bá sí, oòrùn ló ń jókòó síbẹ̀. Ọdún Ẹ̀yọ̀ nìkan ló máa ń dá a padà di ojúde lóòótọ́, nígbà tí àwọn Ẹ̀yọ̀ bá ti oríṣìíríṣìí ìta wọ ibẹ̀. Àwọn ìta kéékèèké inú Èkó ṣe dáadáa jù ú lọ. Ìta Tinúbú, tó gba orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò ńlá, gba ìsun omi àtọwọ́dá lọ́wọ́ àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń gbé Èkó fún òmìnira 1960. Campos Square ní Pópó Àgùdà, láàrin ilé àwọn tó padà láti Brazil àti Cuba, ṣì jẹ́ ibi eré àti ibi ayẹyẹ adúgbò.

Ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀, tí Arieh Sharon láti Ísírẹ́lì yàwòrán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 síwájú, ló sún mọ́ ọgbọ́n àtijọ́ jù nínú àwọn iṣẹ́ ńlá òde òní. Ó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ àwọn ilé ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn àti èèyàn lè gba abẹ́ wọn kọjá, ó jẹ́ kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ kí òjìji lè bọ́ sí ara ògiri, ó sì to àwọn ilé yí gbàgede ká. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ibẹ̀ pàdé, wọ́n ń jiyàn, wọ́n sì ń ta ọjà kéékèèké. Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ kọ́ ilé sáàrin rẹ̀.

Ní Èkó, láti bí ọdún 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin koríko àti òdòdó sí abẹ́ afárá àti ẹ̀bá títì. Ní 2011 wọ́n fi òfin dá àjọ LASPARK sílẹ̀ láti máa tọ́jú wọn. Olùtọ́jú dé, ìlò ni kò tíì tó. Púpọ̀ nínú wọn wà ní oríta yípo tí ọkọ̀ kì í dáwọ́ dúró, irin sì yí wọn ká: ojú ẹni tó wà nínú mọ́tò ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ó dín eruku kù, ó sì lé àwọn tó ń da ìdọ̀tí síbẹ̀, èyí kì í ṣe ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro kò ní ibi tí yóò jókòó sí. Freedom Park ní Broad Street gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀wọ̀n àwọn amúnisìn ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ayàwòrán ilé Theo Lawson fi àwọn ìlà yàrá ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ kí wọ́n lè di ìsọ̀, ó fi pèpéle eré sí ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n, ó sì gbin igi. Wọ́n ṣí i ní Oṣù Kẹwàá 2010. Eré, orin, oúnjẹ àti àfihàn ìwé ni kò jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ìwọlé ń dá àwọn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ní Ìbàdàn, omi ló sọ ohun tí àìní àyè ń fà. Ọgbà Àgodi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 pẹ̀lú ẹranko àti igi, wà lójú ọ̀nà omi Ògùnpa. Nígbà tí odò náà kún ní ìparí oṣù Ògọ́ọ̀sì 1980, ó gbá ọgbà náà, ó gbé ẹranko lọ, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn nísàlẹ̀, níbi tí ilé ti há bèbè odò mọ́. Wọ́n tún ọgbà náà ṣe lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó sì ń gba àwọn ìdílé lálejò báyìí, pàápàá lásìkò ọdún. Bèbè odò nísàlẹ̀ ni kò tíì rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀. Bí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ bá tún gbé ìwé ètò ìlú wọn yẹ̀ wò, bèbè odò, ojúde ààfin àti ìta ọjà ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fa ìlà yí ká, kí wọ́n sì kọ orúkọ àjọ tàbí ẹgbẹ́ ọjà tí yóò máa tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ìwé náà.