Sípíríǹgì àti Ìjánu: Ọ̀rọ̀ lórí Fọ́ọ̀kì Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Bí a bá wo kẹ̀kẹ́ ológeere dáadáa, a ó rí i pé fọ́ọ̀kì iwájú ni orí rẹ̀. Òun ni ó di táyà iwájú mú, òun ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń darí, òun náà ni ó sì ń kọ́kọ́ pàdé kòtò àti òkúta kí ara ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bá bàjẹ́, ènìyàn lè sọ̀ kalẹ̀ kí ó máa tì í lọ sí ilé. Bí fọ́ọ̀kì bá dá nígbà tí ènìyàn ń sáré bọ̀ láti orí òkè, ojú ni yóò fi gbálẹ̀.

Ohun tí ó mú mi ronú kan ọ̀rọ̀ yìí ni ìbéèrè tí ọmọ àbúrò mi obìnrin bi mí. Ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọkùnrin náà ti ń kàwé, níbi tí òkè àti àpáta kò ti jìnnà sí ìgboro. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún un ní férémù kẹ̀kẹ́ orí òkè, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ le gbagidi, tí kò ní ṣọ́ọ̀kì níbẹ̀ rárá. Hardtail ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ó ti rí táyà, ó ti rí bíréèkì. Fọ́ọ̀kì nìkan ni ó kù. Owó tí ó ń rí níbi iṣẹ́ alẹ́ kò tó nǹkan. Ó wá fi àwòrán fọ́ọ̀kì mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Èkíní jẹ́ tuntun, ó ń dán, ó ní sípíríǹgì, kò sì wọ́n. Èkejì jẹ́ àlòkù, ọ̀dà ara rẹ̀ ti họ, síbẹ̀ owó rẹ̀ ju ti èkíní lọ díẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ irin gbọọrọ tí kì í tẹ̀ rárá. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà? Màámi ní kí n má ra ohun tí yóò pa mí."

N kò gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè rí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ̀ pé mo fẹ́ràn láti máa tọpa ìtàn àwọn ohun èlò tí a ń lò. Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ mélòó kan. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Mo fẹ́ mọ bí àwọn tí ó ṣáájú ti ṣe é.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìnira ojú ọ̀nà ti ń bá kẹ̀kẹ́ rìn. Èyí tí wọ́n ń gùn ní Paris ní nǹkan bí ọdún 1860 sí 1869, igi ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi irin dè é yíká. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kò ju "a-mi-egungun" lọ. Irin pẹlẹbẹ kan tí ó ń tẹ̀ ni wọ́n fi gbé ìjókòó rẹ̀, kí ìdí ẹni tí ó jókòó lè ní ìsinmi díẹ̀. Ní ọdún 1887, John Boyd Dunlop, dókítà ẹran ní ìlú Belfast, fi rọ́bà tí ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú bo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ní ọdún 1888 ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Robert William Thomson ti gba irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní 1845, ṣùgbọ́n ti Dunlop ni ayé mú lò. Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé nítorí kí ara lè tu ọmọ ni bàbá yìí ṣe ronú jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Irú kẹ̀kẹ́ tí ó ti inú ìrònú wọ̀nyí jáde ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àwọn òyìnbó amúnisìn. Bàbá mi tí ó jẹ́ tíṣà ní ọ̀kan. Sípíríǹgì méjì wà lábẹ́ ìjókòó awọ rẹ̀, afẹ́fẹ́ wà nínú táyà, ṣùgbọ́n irin gan-an ni fọ́ọ̀kì rẹ̀, kì í tẹ̀. Bí bàbá mi bá ti Ìsẹ́yìn gun kẹ̀kẹ́ dé Òkèhò lórí ọ̀nà eléruku ìgbà náà, ìdí kì í dùn ún tó bí ọrùn ọwọ́. Yóò na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá mi, ìyá mi yóò sì fi òrí ra á fún un. N kò mọ̀ nígbà náà pé apá àti ìgúnpá rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì tí kẹ̀kẹ́ náà kò ní.

Báyìí náà ni ó rí fún àwọn tí ó dá eré kẹ̀kẹ́ orí òkè sílẹ̀. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979, ní agbègbè Marin ní àríwá San Francisco ní Kalifóníà, àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn òkè. Kẹ̀kẹ́ wọn kì í ṣe ti olówó. Kẹ̀kẹ́ Schwinn àtijọ́, tí wọ́n ti ṣe ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú, ni wọ́n ń rà ní owó pọ́ọ́kú tí wọ́n sì ń tún ṣe. Lára àwọn ọ̀dọ́ náà ni Joe Breeze, Gary Fisher àti Charlie Kelly. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1976, nítòsí ìlú Fairfax, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n pè ní Repack. Ìdí orúkọ yìí ni pé bíréèkì inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn máa ń gbóná débi pé gíríìsì rẹ̀ yóò di èéfín. Bí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀, wọn yóò tú họ́ọ̀bù, wọn yóò tún kó gíríìsì mìíràn sí i. Breeze ṣe férémù tirẹ̀ ní 1977. Ní 1979, Fisher àti Kelly dá òwò sílẹ̀, wọ́n ń ta férémù tí Tom Ritchey ṣe. Ní 1981, Specialized gbé Stumpjumper jáde, tí í ṣe kẹ̀kẹ́ orí òkè àkọ́kọ́ tí a ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Irin tí kì í tẹ̀ ni fọ́ọ̀kì gbogbo wọn. Apá àti eékún ni wọ́n fi ń gba ìyà òkúta.

Àwọn oníṣẹ́ alùpùpù ti rí ojútùú sí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́tipẹ́. Ní 1935, ilé iṣẹ́ BMW ní Jámánì gbé alùpùpù jáde tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá tí ń wọ inú ọ̀pá, tí sípíríǹgì àti ọ́ìlì sì wà nínú rẹ̀. Paul Turner, tí ó ti ṣe mẹkáníìkì fún àwọn tí ń fi alùpùpù sáré nínú ẹrẹ̀, ni ó gbé ìmọ̀ yìí wá sórí kẹ̀kẹ́. Fọ́ọ̀kì RS-1 ti ilé iṣẹ́ RockShox jáde ní 1989. Kò lè tẹ̀ wọlé ju nǹkan bí mìlímítà 48 lọ. Afẹ́fẹ́ ni sípíríǹgì rẹ̀, ọ́ìlì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó wúwo. Ṣùgbọ́n ní 1990, níbi ìdíje àgbáyé ní ìlú Durango ní ìpínlẹ̀ Colorado, fọ́ọ̀kì yìí ni Greg Herbold fi gba ipò kìíní nínú eré ìsọ̀kalẹ̀. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Ibi tí mo dé yìí ni mo ti tọ mẹkáníìkì ọ̀kadà kan lọ ní Mókọ́lá, Ìbàdàn, nítorí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ni ó mọ ìdí rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ọ́ìlì ń ṣe níbi tí sípíríǹgì ti wà. Ó tẹ iwájú ọ̀kadà kan tí ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti jò tán. Ó wọlé, ó sì ta padà sókè gbà! Ó tẹ òmíràn tí ó ní ọ́ìlì. Ìyẹn wọlé, ó sì rọra gòkè bọ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí i, bàbá? Sípíríǹgì ló lágbára, ọ́ìlì ló ní sùúrù."

Gbogbo ìmọ̀ náà kò ju èyí lọ. Sípíríǹgì kì í pa agbára. Ńṣe ni ó ń tọ́jú rẹ̀, tí ó sì ń dá gbogbo rẹ̀ padà fún ẹni tí ó ni ín. Bí táyà bá gun òkúta, sípíríǹgì yóò gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n lẹ́ṣẹ̀kẹsẹ̀ ni yóò jù ú padà, táyà yóò fò kúrò nílẹ̀, bíréèkì àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kò sì ní ríbi dì mú. Ọ́ìlì tí ń gba ojú ihò tóóró kọjá ni ó ń gba lára agbára náà, tí ó ń sọ ọ́ di ooru. Òun ni ìjánu. Sípíríǹgì tí kò ní ìjánu, alágbára má mèrò ni, baba ọ̀lẹ.

Lẹ́yìn 1990, oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn aṣefọ́ọ̀kì gbìyànjú. Doug Bradbury ti Manitou lo ègé rọ́bà dípò sípíríǹgì. Ó rọrùn láti tọ́jú, ṣùgbọ́n rọ́bà a máa le bí òtútù bá mú. Marzocchi ti Ítálì, tí ó ti ń ṣe fọ́ọ̀kì alùpùpù tipẹ́, mú irin sípíríǹgì tí ó rì sínú ọ́ìlì wá ní ìparí ẹ̀wádún náà. Nígbà tí eré yìí wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996, fọ́ọ̀kì tí ń tẹ̀ ti di àmì tí a fi ń dá kẹ̀kẹ́ orí òkè mọ̀.

Níbi tí ó ti di àmì ni ewu ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Sípíríǹgì ṣe é rí lójú. Ẹni tí ó fẹ́ rà á lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nínú ìsọ̀. Ìjánu kò ṣe é rí, iṣẹ́ rẹ̀ sì wọ́n. Nítorí náà ni a fi ń rí fọ́ọ̀kì olówó pọ́ọ́kú tí ó ní gbogbo ìrísí ti àgbà, tí kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju irin sípíríǹgì àti gíríìsì lọ. Ó wúwo, nígbà mìíràn ju kílò méjì ààbọ̀ lọ. Kódà, àwọn kẹ̀kẹ́ kan wà tí a ṣe ní àwòrán kẹ̀kẹ́ orí òkè, tí a sì lẹ ìwé mọ́ wọn lára pé kí á má ṣe gùn wọ́n kúrò lójú ọ̀nà gidi. A jogún aṣọ àwọn ará Marin, a fi ara sílẹ̀.

Mo pe ọmọ náà padà. Mo ní kí ó gbàgbé èyí tí ń dán, kí ó sì wọn àlòkù yẹn kí ó tó sanwó. Ọ̀pá ọrùn fọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ bá ọrùn férémù mu: àwọn férémù àtijọ́ ń gba ọ̀pá tí ó tọ́ gbọọrọ, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 1⅛, púpọ̀ nínú fọ́ọ̀kì òde òní fẹ̀ tó íǹṣì 1½ nísàlẹ̀, kò sì ní wọlé síbẹ̀. Kí ó wò ó bóyá àwọn tí wọ́n ń lò ó tẹ́lẹ̀ kò ti gé ọ̀pá náà kúrú jù. Kí ó wo ojú ọ̀pá tí ń wọlé; bí ó bá ti ní ojú ọgbẹ́, ọ́ìlì yóò jò. Kí ó wá bọ́tìnnì tí ń dín ìyára ìpadàsókè kù, nítorí pé ìyẹn ni ẹ̀rí pé ìjánu wà. Bí ó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́, kí ó fẹ́ ẹ dé ìwọ̀n tí yóò fi wọlé ní ìdá kan nínú márùn-ún tàbí nínú mẹ́rin ìrìn rẹ̀ nígbà tí ó bá jókòó lé kẹ̀kẹ́. Lékè gbogbo rẹ̀, kí gígùn rẹ̀ má ju èyí tí a ṣe férémù náà fún lọ.

Ìmọ̀ràn ìkẹyìn yìí ni ó ba nǹkan jẹ́. Fọ́ọ̀kì mìlímítà 100 ni a ṣe férémù rẹ̀ fún. 140 ni ti àlòkù náà. Irú rẹ̀ yóò gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè, yóò tẹ ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn ní nǹkan bí ìwọ̀n ìgun méjì, yóò sì di ẹrù ńlá lé ojú ìjo férémù. Ọmọ náà dákẹ́ lórí fóònù. Ó ní, "Ṣé kí n wá padà sí tuntun yẹn ni, Bàbá?" Mo ní rárá, kí ó ra irin tí kì í tẹ̀, kí ó rọra máa fi í gun ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kí ó sì máa tọ́jú owó títí òun yóò fi rí àlòkù tí ó bá a mu. Inú rẹ̀ kò dùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tí kì í tẹ̀ kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni: ó ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ibi tí ọ̀nà le dé, kí ènìyàn sì fa bíréèkì ní àkókò.

Ó gbọ́ràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ti gun òkè kan, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ ń dùn ún. Ó ní kí wọ́n bá òun fi òrí ránṣẹ́.