Àwòrán Ọpọlọ àti Àsọtẹ́lẹ̀ Ẹ̀jẹ̀ Dídà ní Kùmásí

Ilé-ìwòsàn tó wà lórí òkè létí Bantama ní Kùmásí, ní ilẹ̀ Gánà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1952, ni àwọn ará ìlú ń pè ní Gee títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Komfo Anokye, àwòrò tó dúró ti Osei Tutu nígbà tí wọ́n dá ìjọba Àṣáńtì sílẹ̀, ni ó ń jẹ́ lórí ìwé, tí idà tí ìtàn sọ pé àwòrò náà gún mọ́lẹ̀ sì wà nínú ọgbà rẹ̀. Ní 1975 ni ó di ilé-ìwòsàn ìkọ́ni fún ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì KNUST.

Lára àrùn tó ń gbé ènìyàn wá síbẹ̀ ni rọpárọsẹ̀, oríṣi méjì sì ni: nínú ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ dídì a dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, nínú èkejì, iṣan náà a bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a sì dà sínú ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì sábà máa ń fà á. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ẹnu a máa wọ́, apá a sì máa kú nínú méjèèjì. Kí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ tó dé, orí fífọ́, èébì àti dídákú ni dókítà fi ń méfò, ẹ̀rí tó dájú kò sì sí àfi bí wọ́n bá la orí òkú wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ìbàdàn, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní ìlú náà láti 1973 sí 1975.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù October 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe ya àwòrán orí aláìsàn ní ilé-ìwòsàn Atkinson Morley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ yìí a máa ta ìtànṣán X-ray yí orí ká, kọ̀ǹpútà a sì kó ohun tí ìtànṣán náà bá mú wá jọ di àwòrán ọpọlọ ní ìpele-ìpele, nínú èyí tí ẹ̀jẹ̀ tútù máa ń hàn ní funfun. Ìyẹn parí àríyànjiyàn nípa irú rọpárọsẹ̀ tó mú ènìyàn, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà fi gbà pé ẹ̀jẹ̀ tó dà ti dà tán kí àwòrán tó jáde.

Ìwádìí tí Brott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Cincinnati, tí ó jáde ní 1997, ló já irọ́ yẹn: nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ọpọlọ àwọn 26 tún pọ̀ sí i gidigidi láàrin wákàtí kan lẹ́yìn àwòrán àkọ́kọ́, ti àwọn 12 mìíràn sì pọ̀ sí i kí wákàtí 20 tó pé. Láti ìgbà náà ni àwòrán ti di ohun àsọtẹ́lẹ̀. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Toronto fi hàn pé bí wọ́n bá gún aláìsàn ní oògùn tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn, ojú funfun kékeré kan, tí wọ́n pè ní spot sign, a máa yọ láàrin ẹ̀jẹ̀ tó dà, èyí tó fi hàn pé iṣan ṣì ń jò. Láti 2015 ni àwọn dókítà Chongqing ní Ṣáínà ti ń tọ́ka sí àmì mìíràn tí kò nílò oògùn kankan, irú bí ibi dúdú tó fara sin sínú funfun, tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì dì. Èyí ni ó bá Kùmásí mu jù, nítorí àwòrán lásán tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ náà ló tó. Dókítà tó bá sì rí àmì náà lè tètè mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kí ó ṣọ́ aláìsàn lójú méjèèjì, kí ó sì ránṣẹ́ sí oníṣẹ́-abẹ.

Iṣẹ́ náà kò kéré ní Gee. Láàrin 2006 àti 2007, ìdá 9.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà tí wọ́n gbà sí ẹ̀ka àìsàn inú ni rọpárọsẹ̀ gbé wá, ìdá 43.2 nínú wọn sì kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Kùmásí tún wà nínú ìwádìí SIREN tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn ṣe aṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018: nínú aláìsàn 2,118, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta tó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ dídà. Ìlànà ìwádìí náà gba àwòrán tí wọ́n bá yà láàrin ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tó láti sọ irú rọpárọsẹ̀ tó mú ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ àsọtẹ́lẹ̀ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán. Ní Cincinnati, kò ju wákàtí mẹ́ta lọ láti ìgbà tí àìsàn náà ti kọlu ènìyàn sí ìgbà tí wọ́n ya àwòrán àkọ́kọ́.