Ehoro: Ìtàn Tí Ó Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ènìyàn nìkan. Ẹranko náà ní orísun, ẹni tí ó bá sì mú ẹranko wọlé láìmọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, àṣìtọ́jú ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ehoro ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń ra ehoro fún ọmọ wọn kí ó lè máa bá a ṣeré nínú ilé. Wọ́n á gbé e sínú àgò kékeré kan, wọ́n á fún un ní kárọ́ọ̀tì, wọ́n á sì máa retí pé kí ó dàgbà. Kò ní pẹ́ tí ẹran náà yóò fi kú, tí ọmọ yóò sì máa sunkún. Inú ìtàn ni a ti lè rí ohun tí ó ń pa á, inú ìtàn kan náà ni ìtọ́jú rẹ̀ sì wà.

Ehoro wo ni à ń sọ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ehoro tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ nínú ọ̀dàn yàtọ̀ sí ehoro inú àgò. Ti ọ̀dàn kì í gbẹ́ ihò; orí ilẹ̀, lábẹ́ koríko, ni ó ń sùn. Láti ọjọ́ tí a bá ti bí ọmọ rẹ̀ ni irun ti máa ń wà lára rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì máa ń là. Ní ti ehoro tí a ń sìn, inú ihò ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ń bímọ sí. Ìhòòhò ni ọmọ rẹ̀ ń wà, ojú rẹ̀ yóò sì wà ní dídì fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ìbátan ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò lè bímọ pọ̀. Yorùbá fi orúkọ kan pè wọ́n nítorí pé bí ọ̀bọ ti ṣe orí ni ìnàkí náà ṣe ṣe. Ohun tí ó tún da ọ̀rọ̀ rú ni pé nígbà tí àwọn ènìyàn wa bá ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n a máa fi orúkọ ehoro pe òkété. Eku gidi ni òkété. Òkété tí a ní bí ó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, kò bá ehoro tan.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá ka ehoro mọ́ ìdílé eku fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1912 ni James Gidley, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ìdílé ọ̀tọ̀ ni ó yẹ kí ehoro ní. Eyín wà lára ẹ̀rí rẹ̀. Eku ní eyín iwájú méjì lókè. Mẹ́rin ni ti ehoro, nítorí pé méjì kéékèèké fara pamọ́ sẹ́yìn méjì ńlá. Gbogbo eyín ehoro ni kì í dẹ́kun dídàgbà títí yóò fi kú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ eyín yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Láti Sípéènì dé ààfin àwọn ọlọ́lá

Ilẹ̀ Sípéènì àti ilẹ̀ Potogí, pẹ̀lú gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni orísun ehoro tí à ń sìn. Nínú ilẹ̀ gbígbẹ yìí, koríko líle ni ó ń jẹ tọ̀sán tòru. Agbo ni ó ń gbé, ihò ni ó ń gbẹ́, ẹyẹ àṣá àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ń lépa rẹ̀. Ehoro àti Sípéènì di ìkan náà lójú àwọn ará Róòmù tó bẹ́ẹ̀ tí owó tí wọ́n rọ ní ayé ọba Hadrian (ọdún 117 sí 138) fi gbé àwòrán obìnrin tí ó dúró fún Sípéènì jáde, tí ehoro sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ará Róòmù ni ó kọ́kọ́ há a mọ́ ọgbà. Varro, òǹkọ̀wé wọn, sọ̀rọ̀ nípa irú ọgbà olódi bẹ́ẹ̀ nínú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó kọ ní ọdún 37 ṣáájú ìbí Kristi. Pliny sì kọ ọ́ pé ehoro pọ̀ ní erékùṣù Balearic débi pé àwọn ará ibẹ̀ ní kí Késárì Augustus fi ọmọ ogun ran àwọn lọ́wọ́.

Ìtàn kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé tún ń sọ: pé ní ọdún 600, Póòpù Gregory sọ pé ọmọ ehoro tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kì í ṣe ẹran, pé a lè jẹ ẹ́ nígbà ààwẹ̀, pé nítorí èyí ni àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ṣe sọ ehoro di ẹran ilé. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí kan, tí Greger Larson ti Yunifásítì Oxford wà lára wọn, tú ìtàn náà wò. Wọn kò rí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Gregory mìíràn, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Tours, ni ó kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tí ó jẹ ọmọ ehoro nígbà ààwẹ̀. Orúkọ ni ó da àwọn ènìyàn láàmú. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa tí a fẹ́ràn ìtàn. Díẹ̀díẹ̀ ni ehoro di ẹran ilé, kò sí ọjọ́ kan pàtó tí a lè tọ́ka sí.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá ni àwọn Norman tàn án kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọlọ́lá mọ òkìtì ilẹ̀ fún un, wọ́n sì yan olùṣọ́ tì í. Títí di àkókò yìí, ehoro ṣì ń sáré, ó ṣì ń gbẹ́ ihò.

Àgò náà, ta ni a ṣe é fún?

Nígbà tí àwọn ènìyàn ya lọ sí ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní ilẹ̀ fi pákó kan àpótí sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ń sin ehoro nínú rẹ̀ láti fi ṣe ẹran ọbẹ̀. Nígbà ogun 1939 sí 1945, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n sìn ín, nítorí ẹran wọ́n. Bí ehoro ẹlẹ́ran bá ti pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wọ́n á pa á. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: àpótí tí a kàn fún ẹran tí yóò lo oṣù mẹ́ta ni a wá jogún fún ẹran tí ó lè lo ọdún mẹ́jọ sí méjìlá. Kò yani lẹ́nu pé ó ń di sàréè rẹ̀.

Àwọn kan tètè fi ojú mìíràn wò ó. Beatrix Potter, tí ó kọ ìwé Peter Rabbit tí ó jáde ní ọdún 1902, sin ehoro nínú ilé, ó sì ń fi okùn mú ọ̀kan rìn bí ajá. Ní ọdún 1985, Marinell Harriman kọ ìwé kan ní Amẹ́ríkà tí ó fi hàn pé ehoro lè máa rìn fàlàlà nínú ilé, kí ó sì kọ́ bí a ti ń yàgbẹ́ sójú kan. Ní ọdún 1988 ni a dá ẹgbẹ́ House Rabbit Society sílẹ̀ ní Kalifọ́níà láti máa tan ẹ̀kọ́ yìí kálẹ̀.

Ohun tí ìtàn náà ní kí a ṣe

Oúnjẹ ni àkọ́kọ́. Koríko líle ni ó kọ́ eyín ehoro ní dídàgbà láìdẹ́kun, koríko náà ni ó sì gbọ́dọ̀ máa fi lọ̀ ọ́. Koríko tútù tàbí koríko tí a sá gbẹ ni ó yẹ kí ó kó ìdá mẹ́jọ, ó kéré tán, nínú ìdá mẹ́wàá oúnjẹ rẹ̀. Ẹ fi ewé díẹ̀ kún un. Àwọn ọlọ́sìn ehoro ní ilẹ̀ wa mọ ewé yúnyun dáadáa. Kárọ́ọ̀tì dùn jù, ẹnu-dùn-ún lásán ni kí ẹ kà á sí. Omi mímọ́ kò gbọ́dọ̀ tán. Bí ẹ bá rí i tí ó ń jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ tí ó ń jáde lára rẹ̀, ẹ má lù ú: ọ̀nà tí ó fi ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni, kí agbára inú rẹ̀ má bàa ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ó bá lo ìdajì ọjọ́ láìjẹun, tí kò sì yàgbẹ́, ìfun rẹ̀ ti ń dúró nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kíákíá; ẹ má dúró di ọ̀la.

Èkejì ni ibùgbé. Ẹran tí ó ti máa ń sáré ní pápá gbọ́dọ̀ rí àyè sáré, kí ó lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde dúró, kí ó sì rí ibi fara pamọ́ sí. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní tìmùtìmù bíi ti ajá, irun nìkan ni ó bò ó; ilẹ̀ onírin yóò dá egbò sí i lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹran agbo ni. Kò fẹ́ dá gbé. Méjì ni kí ẹ sìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi akọ sọ́dọ̀ abo, ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ẹ ó máa ka ọmọ. Nítorí náà, kí dókítà tẹ akọ lọ́dàá, kí ó sì yọ ilé ọmọ abo, nítorí pé àrùn jẹjẹrẹ a máa mú ilé ọmọ ehoro tí ó bá dàgbà.

Ẹ̀kẹrin, ẹran tí gbogbo ẹranko ń pa jẹ kì í fi ìrora hàn, kí ọ̀tá má bàa mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ máa wo bí ó ti ń jẹun lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe fi etí gbé e. Ẹ fi ọwọ́ kan gbá a mú láyà, kí ẹ fi ìkejì gbé ìdí rẹ̀ ró, nítorí pé bí ó bá ta ẹsẹ̀ lójijì, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣẹ́.

Ẹ̀karùn-ún ni ooru, èyí sì kan àwa tí a wà ní ilẹ̀ Yorùbá jù. Ehoro kì í làágùn. Etí rẹ̀ ni ó fi ń tú ooru jáde. Inú ihò tútù ni àwọn baba rẹ̀ ń sá sí lọ́sàn-án. Abẹ́ páànù kọ́ ni kí ẹ so àgò rẹ̀ mọ́. Ẹ wá ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ sì fi ìgò omi dídì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí oòrùn bá mú.

Ìkẹyìn, ẹ má ṣe tú u sílẹ̀ sínú igbó bí ó bá sú yín. Ní ọdún 1859, Thomas Austin gba ehoro mẹ́rìnlélógún láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí oko rẹ̀ ní Ọsirélíà, kí ó lè máa fi wọ́n ṣe ọdẹ. Wọ́n bí sí i, wọ́n rẹ̀ sí i, wọ́n jẹ oko run. Láàárín ọdún 1901 sí 1907, wọ́n ṣe ọgbà kan tí ó gùn ju 1,800 kìlómítà lọ ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ náà, síbẹ̀ ehoro kọjá. Ní ọdún 1950 ni ìjọba tú àrùn kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri sí wọn lára. Ní ọdún 1952, dókítà kan tú àrùn náà sílẹ̀ nínú oko rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1953. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń sin ehoro ní Yúróòpù fi ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un títí di òní. Ohun tí a fi pa ehoro oko ni ó padà wá ń lépa ehoro inú ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra ehoro fún ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ náà. Bí ọmọ bá mọ̀ pé ẹran tí ó wà lọ́wọ́ òun ti sáré ní pápá Sípéènì rí, kò ní fẹ́ kí ó jókòó sójú kan. Ọdún mẹ́wàá ni ẹ̀jẹ́ tí ẹ fẹ́ jẹ́. Ẹni tí kò bá lè jẹ́ ẹ, kí ó kúkú fi ehoro sílẹ̀ fún ẹni tí ó lè ṣe é.