Bọ́ńdárì: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan Láàrin Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ láti Àpápá lọ sí Ajégúnlẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ tí èrò kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Bọ́ńdárì wà o!" Awakọ̀ yóò dúró, èrò náà yóò sì sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ààlà ni ó ń wá lọ. Ọjà ni ó ń lọ, tàbí ilé rẹ̀. Síbẹ̀, ààlà ni àwọn ìwé atúmọ̀-èdè sọ pé "boundary" jẹ́, ààlà gidi ni ó sì wà níbẹ̀ nígbà kan rí. Bí ààlà náà ṣe kú tí orúkọ rẹ̀ kò sì bá a kú ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ kan ti tó Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá a máa lo ju ọ̀kan lọ. Ibi tí oko ẹnì kan ti pàdé oko ẹnì kejì ni ààlà, pèrègún ni àwọn bàbá wa sì máa ń gbìn síbẹ̀ kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Ibi tí àlejò ń gbà wọ ìlú, níbi tí oníbodè jókòó sí tí ó ń gba owó, ẹnubodè ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fi "ààlà" túmọ̀ "boundary" níbi gbogbo yóò ṣìnà nínú ìdánwò. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ fọwọ́ sí ìwé ní Paris ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí ó wà lábẹ́ Kétu sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. "Boundary" ni wọ́n pe ilà tí wọ́n fà sáàrin wọn. Àwọn olóko kọ́ ni ó fà á, kò sì sí pèrègún kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Orí ìwé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Irú ilà orí ìwé bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ajégúnlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹni.

Àpápá ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ìdílé ni ibẹ̀ kí ìjọba tó gbà á ní 1913. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ ní 1920. Ní 1921 ni a dá a láre pé àwọn tí ó ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ọdún yẹn kan náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí èbúté tuntun, ó sì parí ní 1926. Láti ìgbà náà ni Wọ́ọ̀fù ti ń fa òṣìṣẹ́ wá láti ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n níbo ni wọn yóò máa sùn? Ilé tí a fètò kọ́ sí Àpápá kì í ṣe ti alágbàáṣe. Ajégúnlẹ̀ ni ilé ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn: Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá òkè jọ di aládùúgbò níbẹ̀. (Orúkọ ìlú náà yẹ ẹ́: ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gúnlẹ̀, ajé náà sì gúnlẹ̀ bí ọkọ̀.)

Ìṣèlú ni ó wá fa ilà náà. Òfin-ìṣèjọba 1951 da Èkó pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ti 1954 tún yọ ọ́ kúrò, ó sọ ọ́ di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Àpápá bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ yìí. Ajégúnlẹ̀, bíi Muṣin àti Ìkẹjà, wà lábẹ́ ìjọba tí ó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú. Òṣìṣẹ́ Wọ́ọ̀fù tí ó jí ní Ajégúnlẹ̀ tí ó rìn lọ síbi iṣẹ́ ti kúrò lábẹ́ ìjọba kan bọ́ sábẹ́ òmíràn kí oòrùn tó mú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán ni eléyìí. Agbára Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó dúró sí ibi ilà náà. Títì àti ilé ń lọ létòlétò ní apá kan, wọ́n sì ń hù bí ó ti wù wọ́n ní apá kejì. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe rò pé òfò nìkan ni ilà náà mú wá fún Ajégúnlẹ̀. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ Ajégúnlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí i. Ti Èkó kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1957. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí a fi Dókítà Majekodunmi ṣe alábòójútó, òfin náà de Ajégúnlẹ̀, kò sì de Àpápá. Ojú kan náà ni wọ́n ń gbà rí ọkọ̀ òkun tí ó ń wọlé.

Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni gbogbo rẹ̀ dópin, nígbà tí ìjọba Gowon dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí Ìkẹjà, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì dara pọ̀ mọ́ Èkó. Ìjọba ìbílẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ wà lónìí, ṣùgbọ́n gómìnà kan ni ó ń ṣe àkóso àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà kò bá ilà lọ. Àwọn ènìyàn ti sọ ọ́ di orúkọ ọjà, orúkọ ibùdókọ̀ àti orúkọ àdúgbò. Wọ́n ń sọ pé "ará Bọ́ńdárì", wọ́n ń sọ pé "mo ń bọ̀ láti Bọ́ńdárì". Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ àyálò yìí ti yàtọ̀ nìyí: ohun tí ó ń pín ènìyàn níyà ni Gẹ̀ẹ́sì fi pè, ibi tí ènìyàn ti ń pàdé ni Ajégúnlẹ̀ fi ń pè. Kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́. Bí onílé méjì bá ń jà lórí ẹsẹ̀ ilẹ̀ bíńtín ní Bọ́ńdárì gan-an, ààlà ni wọn yóò sọ pé àwọn ń jà sí.